Ẹ̀kọ́ òwò orin àti àmójútó olórin lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́

Ẹ̀kọ́ òwò orin àti àmójútó olórin jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ní yunifásítì tí ó ń ṣe àyẹ̀wò bí orin ṣe ń di ọjà, ẹni tí ó ni ín, bí owó rẹ̀ ṣe ń wọlé àti bí a ṣe ń pín owó náà. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ láti gba oyè kejì, tí a mọ̀ sí másításì, tàbí oyè ọ̀mọ̀wé. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ orin fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ orin ń kọ́ bí a ṣe ń kọrin, bí a ṣe ń lo ohun èlò orin àti bí a ṣe ń hun orin pọ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ òwò orin ń kọ́ òfin, ìṣirò owó, ìpolówó ọjà àti ìṣàkóso ènìyàn. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gba ẹ̀ka orin, òfin, ìṣàkóso òwò tàbí ìbánisọ̀rọ̀ wọ inú ìmọ̀ yìí.

Ìtàn

Ẹnu iṣẹ́ ni àwọn olórin Yorùbá ti ń kọ́ òwò orin láti ìgbà pípẹ́. Nínú ìdílé Àyàn, ọmọ a máa tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí òde àríyá. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ ìlù lílù, tí yóò sì tún mọ ẹni tí ó yẹ kí á kì, ìgbà tí ó yẹ kí á dákẹ́, àti bí a ṣe ń pín owó tí àwọn ènìyàn bá ná fún onílù. Àwọn ẹgbẹ́ jùjú, àpàlà, sákárà àti fújì tẹ̀lé irú ètò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ni ó ń gba iṣẹ́ òde, òun ni ó ń ra ohun èlò, òun náà ni ó sì ń pín owó fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Christopher Waterman, onímọ̀ orin ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan lórí jùjú tí ó jáde ní ọdún 1990. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí owó tí àwọn gbajúmọ̀ ń ná lójú agbo ṣe so mọ́ oríkì àti mọ́ ètò àwọn ẹgbẹ́ olórin ní Ìbàdàn.

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ agbórinjáde láti òkè òkun, bíi Decca àti EMI, fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ìwé àdéhùn di ara iṣẹ́ olórin. Ohun tí a ń pín lójú agbo ni gbogbo ènìyàn ń fi ojú rí, ṣùgbọ́n iye àwo tí ilé-iṣẹ́ tà kò hàn sí olórin àyàfi nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn olórin kan wá ọ̀nà àbáyọ. Ní ọdún 1969, Haruna Ìṣọ̀lá, àgbà olórin àpàlà, àti I. K. Dáíró, olórin jùjú, dá ilé-iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀, kí olórin lè jẹ́ onílé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1974, èdè àìyedè lórí àdéhùn wáyé láàárín King Sunny Adé àti ilé-iṣẹ́ African Songs. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, King Sunny Adé sì dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Sunny Alade Records, sílẹ̀. Ní ọdún 1982, ó bá ilé-iṣẹ́ Island Records ṣe àdéhùn láti gbé orin jùjú jáde fún àwọn olùgbọ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun kúrò, ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, di ojúkò ibi tí a ti ń pín kásẹ́ẹ̀tì àti àwo orin káàkiri. Ibẹ̀ ni a ti ń ta ojúlówó, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń ta àdàkọ tí olórin kò fi àṣẹ sí. Nígbà tí orin gbígbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbilẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá àgbáyé padà wá. Sony Music ṣí ọ́fíìsì sí Èkó ní ọdún 2016, Universal Music sì tẹ̀lé e ní ọdún 2018. Ní ọdún 2024, Universal Music kéde pé òun yóò ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú Mavin Records, ilé-iṣẹ́ tí Don Jazzy dá sílẹ̀ ní ọdún 2012. Bí ìwé àdéhùn ṣe ń pọ̀ sí i tí ó sì ń díjú sí i ni àìní fún àwọn tí ó lè kà á ní àkàyé ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀kọ́ orin ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà

Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ni ó kọ́kọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ orin láàárín àwọn yunifásítì ilẹ̀ yìí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ti lọ kàwé. Fẹlá Kútì lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Akin Euba, tí òun náà kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, gba oyè kejì ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní Legon ní ọdún 1974 pẹ̀lú iṣẹ́ ìwádìí lórí ìlù dùndún. Ní ọdún 1985, Afolabi Alaja-Browne parí iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìtàn àti ọnà jùjú ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí fi ìdí ẹ̀kọ́ orin Yorùbá múlẹ̀, ṣùgbọ́n ìró, ìtàn àti àṣà ni wọ́n gbájú mọ́. Ìbéèrè nípa ẹni tí ó ni orin àti ẹni tí ó ń gba owó rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ òwò orin wá fi kún un.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà dá lé

Ẹ̀tọ́ méjì nínú orin kan

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí ni pé ẹ̀tọ́ méjì ni ó wà nínú orin kan tí a gbà sílẹ̀. Èkíní ni ẹ̀tọ́ lórí orin tí a hun, ìyẹn ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Ẹni tí ó hun ún ni ó ni ín ní ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀tọ́ lórí ìró tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí orin tí a hun wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó hun ún, nígbà tí ẹ̀tọ́ lórí ìró tí a gbà sílẹ̀ wà fún 50 ọdún. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ti ọdún 1988 ni ó wà nílẹ̀ kí òfin ti ọdún 2022 tó rọ́pò rẹ̀; oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ buwọ́ lù ú. Olórin lè ta ọ̀kan nínú ẹ̀tọ́ méjèèjì kí ó sì mú èkejì dání. Ẹni tí kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n lè fi ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ta méjèèjì.

Ìwé àdéhùn àti owó àsansílẹ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ́ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò àdéhùn kí á tó buwọ́ lù ú. Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan wá, tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Ilé-iṣẹ́ kan fún olórin ní ₦5,000,000 gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀, ó sì ná ₦7,000,000 lórí sítúdíò, fídíò àti ìpolówó. Àdéhùn sọ pé ìpín olórin jẹ́ 30 nínú 100, àti pé láti inú ìpín olórin nìkan ni ilé-iṣẹ́ yóò ti gba gbogbo ₦12,000,000 tí ó ná padà. Bí orin náà bá mú ₦20,000,000 wọlé, ìpín olórin jẹ́ ₦6,000,000. Ilé-iṣẹ́ yóò mú un fún gbèsè, ₦6,000,000 yóò sì ṣẹ́kù sí olórin lọ́rùn. Ní ti ilé-iṣẹ́, ₦20,000,000 ni ó wọlé, ₦12,000,000 ni ó jáde. Èrè ₦8,000,000 ti wà nílẹ̀. Orin náà gbajúmọ̀, ilé-iṣẹ́ jèrè, olórin sì wà nínú gbèsè, láìsí pé ẹnikẹ́ni rú àdéhùn. Gbólóhùn kan tí ó bá sọ pé láti inú gbogbo owó tí ó wọlé ni a ó ti kọ́kọ́ yọ ohun tí a ná ì bá yí ìṣirò náà padà: ₦8,000,000 ni yóò kù, ₦2,400,000 nínú rẹ̀ yóò sì kan olórin.

Ìgbowó ẹ̀tọ́

Nígbà tí rédíò, ilé ìtura tàbí ilé ọtí bá lo orin, owó ẹ̀tọ́ yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni orin náà. Níwọ̀n bí olórin kò ti lè lọ láti ilé dé ilé láti gbà á, àwọn ẹgbẹ́ agbowó-ẹ̀tọ́ ni ó ń bá wọn gbà á. Àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwòkọ ní Nàìjíríà fún ẹgbẹ́ COSON láṣẹ ní ọdún 2010 àti ẹgbẹ́ MCSN ní ọdún 2017. Ní ọdún 2018, ó dá àṣẹ COSON dúró fún ìgbà kan. Bí àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ kí wọ́n máa pín owó, àti bí a ṣe lè mọ orin tí a lò, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn kókó tí ó yẹ fún iṣẹ́ ìwádìí oyè kejì.

Àmójútó olórin

Apá yìí dá lórí iṣẹ́ mánéjà: gbígba iṣẹ́ òde, ètò ìrìn-àjò, ìṣúnná owó, àti àjọṣe pẹ̀lú agbẹjọ́rò, ilé-iṣẹ́ agbórinjáde àti oníròyìn. Ó tún kan ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé ìpín lórí owó tí ó wọlé fún olórin ni mánéjà sábà máa ń gbà, ó sì yẹ kí ó hàn gbangba bí ó ṣe ń gbà á.

Àwọn ibi tí a ti lè kọ́ ọ

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ní Ọ̀jọ́ ní ẹ̀ka eré orí ìtàgé àti orin, Yunifásítì Èkó ní Akoka sì ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àtinúdá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbé ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ní Shasha tàbí Ẹgbẹ́dá, lè gba Ìgándò lọ sí LASU, tàbí kí ó gba Ìkẹjà lọ sí Akoka, kí ó sì máa kàwé láti ilé. Yunifásítì Pan-Atlantic, ní Èkó bákan náà, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó ń fúnni ní oyè kejì. Ní ìta Èkó, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka orin tí ó dé oyè ọ̀mọ̀wé, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn sì ń kọ́ni ní orin Áfíríkà.

Ní òkè òkun, àwọn yunifásítì kan ní oyè kejì tí ó ń jẹ́ orúkọ òwò orin gan-an. Lára wọn ni Yunifásítì Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù, Yunifásítì New York, àti ọgbà Berklee ní Valencia, orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ní Yunifásítì Liverpool, a dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ orin gbajúmọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Chevening wà fún àwọn tí ó fẹ́ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń béèrè ìrírí iṣẹ́ bí ọdún méjì, ẹni tí ó bá sì jẹ ànfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Ìgbàwọlé

Ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ń béèrè oyè àkọ́kọ́ tí ó dára, ìwé èsì ẹ̀kọ́ láti yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti jáde, èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, àti ìwé-ẹ̀rí pé ó ti parí ìsìnrú ìlú tàbí pé a yọ̀ǹda rẹ̀. Àwọn tí ó ní ìwé-ẹ̀rí HND sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe díplọ́mà àgbà. Nítorí pé ẹ̀ka mìíràn ni ọ̀pọ̀ ń gbà wọlé, kókó ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ yàn àti olùkọ́ tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà ni ó ń pinnu bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò ṣe jẹ́ ti òwò orin tó.

Àríyànjiyàn lórí ìwúlò rẹ̀

Àwọn kan gbà pé ẹnu iṣẹ́ nìkan ni a ti lè kọ́ òwò orin. Àpẹẹrẹ wà tí ó gbè wọ́n lẹ́yìn. Benson Idonije, mánéjà Fẹlá Kútì nígbà ẹgbẹ́ Koola Lobitos, iṣẹ́ rédíò ni ó ti wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Bose Ogulu, ti jẹ́ olùkọ́ èdè kí ó tó di mánéjà ọmọ tirẹ̀, Burna Boy, ẹni tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní ọdún 2021. Ní ọwọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, Audu Maikori, ọ̀kan lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Chocolate City sílẹ̀ ní ọdún 2005, jẹ́ agbẹjọ́rò.

Ohun tí ẹnu iṣẹ́ ń kọ́ni ni ènìyàn: ẹni tí a lè gbára lé, ìlú tí orin kan yóò ti tà, ìgbà tí ó yẹ kí á sún iṣẹ́ òde síwájú. Ohun tí yunifásítì ń kọ́ni ni òfin, ìṣirò àti ìwádìí. Ìwé-ẹ̀rí oyè kejì kò sọ ẹnikẹ́ni di mánéjà rere. Ṣùgbọ́n àṣìṣe inú ìwé àdéhùn kì í sábà hàn títí di ìgbà tí orin bá ti gbajúmọ̀, nígbà tí a ti buwọ́ lù ú tán. Ẹni tí ó fẹ́ fi ìrírí nìkan kọ́ apá yìí lè fi orin rẹ̀ san owó ẹ̀kọ́ náà.