Ẹ Wo Etí Ẹṣin

Lọ́jọ́ kẹta Ìléyá, bí àwọn ìdílé Balógun bá ń gẹṣin wọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò. Etí ẹṣin lèmi máa ń wò. Bí etí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ orí, tí funfun ojú yọ síta, tí ìrù ń jù fìrìfìrì, ẹ̀rù tàbí ìbínú ti gba ẹran náà lọ́kàn nìyẹn, ọ̀ṣọ́ yòówù kí wọ́n kó sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí etí kan bá kọjú síwájú, tí èkejì yí padà sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún, inú mi a dùn. Ẹṣin yẹn ń gbọ́ ìlù, ó sì ń gbọ́ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹṣin kò ní ìwo, kò ní èékánná ìjà. Ẹsẹ̀ ni Ọlọ́run fún un. Ní ọ̀dàn tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé, èyí tó bá dúró wo ohun tó mi ewéko ni ẹranko búburú ń pa jẹ. Èyí tó kọ́kọ́ sá ló bímọ. Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ bá gbé ọ̀rá lásán, tí ẹṣin fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má pè é ní alágídí. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí gbogbo àyíká rẹ̀ láìyíjú, àfi ibi díẹ̀ níwájú orí gan-an àti ẹ̀yìn ìdí. Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn yọ sí i lójijì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìpá. Apá èjìká là ń gbà lọ bá ẹṣin, a ó sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí a ti ń bọ̀.

Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹṣin wọ́n bí ojú. Láti ìhà àríwá ni wọ́n ti ń kó o wá, nítorí eṣinṣin tsetse inú igbó kì í jẹ́ kó pẹ́ láyé. Oyè kan wà láàfin Aláàfin tó ń jẹ́ Olókùn Ẹṣin. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn gidigidi, pé okùn ni wọ́n fi sọ olóyè náà lórúkọ, pé wọn kò fi pàṣán sọ ọ́. Inú okùn lọ̀rọ̀ wà. Ẹ fa okùn ẹṣin tí kò tíì gbọ́n díẹ̀, ẹ dúró. Ìṣẹ́jú tó bá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kódà bó ṣe pé ó kàn tẹ ara síwájú lásán, kí ẹ dẹ okùn náà kíá. Dídẹ̀ yẹn ló ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́, fífà kọ́. Ẹni tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dẹ okùn, yóò fà á títí apá rẹ̀ yóò fi ro, ẹṣin yóò sì kọ́ bí a ti ń fà padà.

Bí a ṣe ń fi ìlù mọ ẹṣin náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ koríko, kí onílù kan ṣoṣo dúró lọ́nà jíjìn, kó rọra máa lù. Ẹ máa wo ẹnu rẹ̀. Bó bá dẹ́kun jíjẹ, tó gbé orí sókè, onílù ti sún mọ́ jù. Kó padà sẹ́yìn. Bí ẹnu bá tún ń lọ, kó sún síwájú díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìyáàlù tó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìró ìbọn ni yóò sì kẹ́yìn. Kí ẹ so àgbà ẹṣin kan tó ti mọ ariwo mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òun náà ni ti ẹ̀yìn ń wò dúró.

Ẹ má fi ìbínú ṣe é. Xenophon, jagunjagun ará Gíríìsì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó ju 2,300 ọdún lọ sẹ́yìn pé bí ẹṣin bá ń bẹ̀rù nǹkan, lílù yóò fi kún ẹ̀rù rẹ̀ ni, nítorí yóò rò pé nǹkan ọ̀hún ló ń dun òun. Ẹ̀rù tiyín pàápàá kò ṣeé fi pamọ́ fún un. Ní Berlin, ẹṣin kan wà tó ń jẹ́ Hans, tí gbogbo ayé gbà pé ó mọ ìṣirò: wọn a bi í ní méjì àti mẹ́ta, a fi pátákò kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ní 1907, Oskar Pfungst fi hàn pé ara oníbèérè ni Hans ń kà. Bó bá ti kan ilẹ̀ dé iye tó yẹ, orí oníbèérè a mì díẹ̀ láìmọ̀, Hans a sì dúró. Àwọn kan ní ó já àwọn kulẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí Hans mọ̀ ju ìṣirò lọ.

Ẹṣin tó ń kọ iṣẹ́ tún lè jẹ́ ẹṣin tí ara ń ro. Ẹ wo abẹ́ gàárì bóyá ó ti bó. Ẹ wo eyín, ẹ wo pátákò, tó yẹ kí wọ́n máa gé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ikùn rẹ̀ kéré, oje inú rẹ̀ kì í sì dáwọ́ dúró. Bí a bá so ó mọ́lẹ̀ láìsí koríko, egbò lè mú un nínú ikùn. Orí erìgì tí kò ní eyín ni irin ìjánu jókòó sí. Mo ti rí ẹlẹ́ṣin kan tó ń ja ìjánu náà kí ẹran lè dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. Ìfófòó ẹnu rẹ̀ pọ́n. Ariwo ayọ̀ sọ, wọ́n ná an lówó, mo sì gbé ojú mi sílẹ̀.

Ibi tí ọrùn ẹṣin ti pàdé ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ẹṣin fúnra wọn máa ń fi eyín họ fún ara wọn. Ẹ fi ọwọ́ họ ọ́ níbẹ̀, àyà rẹ̀ yóò rọra máa lù; àwọn onímọ̀ ti wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ ni kí ọwọ́ yín wà lọ́jọ́ tí ìbọn àkọ́kọ́ bá dún. Ẹṣin kékeré yóò ta gìrì, yóò gbé orí sókè. Yóò wo àgbà ẹṣin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò tilẹ̀ dáwọ́ jíjẹ dúró. Etí kan yóò yí padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ ṣáà máa họ ọ́ lọ, títí ẹnu rẹ̀ yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.