Kí Itan Má Bàa Bó: Bí A Ṣe Ń Yan Níkà Eré Sísá

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀rọ̀ níkà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ ní Mówè, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ sáré kìlómítà márùn-ún láàárín àdúgbò. Ara yá, ẹ ya fọ́tò, ẹ fi sí status. Ẹ wọ ilé ìwẹ̀, ẹ da omi sára. Omi kan itan. Ariwo tí ẹ pa, ará ilé kejì gbọ́.

Èmi náà ti pa ariwo yẹn rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré sísá, níkà òwú tí mo fi ń sùn ni mo wọ̀ jáde. Ìgbà tí itan mi bó, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò sáré mọ́. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé itan mi ló tóbi jù, pé eré sísá kì í ṣe fún irú ara tèmi. Mo tiẹ̀ ti ń ṣírò owó bàtà tuntun. Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Tèmi kọjá inú àpò: ṣòkòtò náà gan-an ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí nìyí: tí níkà bá ń bó yín nítan, ara yín kọ́ ló ṣẹ̀. Níkà ni kí ẹ pààrọ̀.

Kí ló ń bó itan?

Nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé níbẹ̀: kí nǹkan máa gbo ara wọn, òógùn, àti iyọ̀. Ẹni tó bá sáré kìlómítà márùn-ún lè gbé ẹsẹ̀ tó ìgbà 5,000. Bó ṣe ń gbé e, itan ń gbo itan, tàbí kí ojú rírán níkà máa gbo awọ. Tí awọ bá gbẹ, ó lè fara dà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ tí òógùn ti rin máa ń rọ̀, á sì tètè bó. Bí òógùn bá wá ń gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ á ṣẹ́kù sára awọ àti aṣọ, á máa ha ara bíi pépà tí káfíńtà fi ń dán pákó.

Lọ́dọ̀ wa níbí, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, pàápàá lásìkò òjò, òógùn kì í sì í tètè gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn ẹni tó ń sáré nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù lórí YouTube kì í fi í bá tiwa mu tán.

Irú aṣọ wo?

Òwú dára fún oorun, kò dára fún eré tó gùn. Ó máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, níkà òwú á ti wúwo, á lẹ̀ mọ́ itan, á sì máa ká sókè. Ojúlówó áńkárá náà, òwú ni. Níkà áńkárá tí télọ̀ rán fún yín rẹwà fún òde, ẹ jẹ́ kó máa lọ òde.

Polyester àti nylon kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀. Òógùn á tàn káàkiri ojú aṣọ, á sì tètè gbẹ. Ìdí nìyẹn tí níkà àwọn agbábọ́ọ̀lù fi fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá pa spandex pọ̀ mọ́ máa ń fà bíi rọ́bà, á sì padà sí bó ṣe wà. Joseph Shivers ló ṣe okùn yìí ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1958. Lycra ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é.

Ẹ yí inú níkà síta, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá rí 100% Cotton, ẹ dá a padà. Tí ẹ bá rí polyester tàbí nylon tó pọ̀, pẹ̀lú spandex tàbí elastane díẹ̀, ẹ mú un dání. Tí wọ́n bá ti gé lébẹ́ẹ̀lì kúrò, ẹ kán omi sí i. Èyí tó bá mu omi lójú ẹsẹ̀, tó sì wúwo, kì í ṣe ẹgbẹ́ yín.

Kó gùn tó báwo?

Ọ̀pọ̀ wa ń wo eléré lórí tẹlifíṣọ̀n, a rò pé bí aṣọ bá ṣe kéré tó ni eré ṣe ń yá tó. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, wọ aṣọ kékeré tó fún mọ́ra nígbà tó sá 100 mítà olóhun-fífò ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní Amẹ́ríkà, lóṣù Keje ọdún 2022. Kò sí obìnrin kankan tó tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó: eré tirẹ̀ parí kí ìṣẹ́jú-àáyá 13 tó pé. Tiwa lè gba ogójì ìṣẹ́jú, nínú ooru. Iṣẹ́ tí aṣọ méjèèjì fẹ́ ṣe yàtọ̀.

Àwọn tó ń ṣe níkà máa ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti abẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀: ínṣì 3, ínṣì 5, ínṣì 7. Bí itan yín kì í bá kan ara wọn, èyí tó kúrú tó sì gbòòrò á jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Bí itan bá ń kan ara wọn, bíi tèmi, èyí tó fún mọ́ra ló dára jù, kó sì gùn kọjá ibi tí itan ti ń pàdé. Aṣọ á máa gbo aṣọ, awọ á sinmi.

Ẹ̀yin obìnrin tí ojú ọlọ́kadà àti ẹnu ará àdúgbò ń dà láàmú ní Ìbàfò tàbí Ìfọ̀, ẹ lè wọ èyí tó fún mọ́ra títí dé orúnkún, kí ẹ wá wọ níkà gbòòrò tàbí síkẹ́ẹ̀tì fífúyẹ́ lé e lórí. Wọ́n tún ń ta èyí tí wọ́n rán méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàbí ìmọ̀ràn ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba níkà lè wọ ṣòkòtò gígùn polyester tó fúyẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ máa sáré lọ.

Ní ọjà

Ẹ̀yin ará Ìfọ̀ mọ ọ̀nà Katangua lágbègbè Abúlé Ẹ̀gbá, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó. Òkìríkà níkà eré pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má tijú láti dán an wò. Ẹ wọ ṣòkòtò tín-ínrín lọ, kí ẹ lè wọ níkà lé e lórí. Ẹ gbé orúnkún sókè, ẹ lóṣòó, ẹ fò díẹ̀ lójú kan. Ọjọ́ tí mo ṣe é, màmá tó ń tajà wò mí títí:

“Ọmọ mi, ṣé níkà lo fẹ́ rà ni, àbí ijó lo wá jó?”

“Ẹ má bínú, Mà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá á bó mi nítan ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi wá òmíràn.

Ẹ fi ìka tọ ojú rírán inú níkà. Èyí tó bá le tàbí tó yọ gọngọ níbi abẹ́ máa di ọ̀bẹ tó bá di kìlómítà kẹta. Ẹ fa rọ́bà ìbàdí wò, kí ẹ sì rí i pé ó ní okùn tí a lè so. Ẹ fi fóònù yín sí àpò rẹ̀, kí ẹ fò. Tí fóònù bá ń gbá yín nítan, tàbí tó ń fa níkà sílẹ̀, àpò yẹn kò wúlò. Àpò kékeré tó wà lẹ́yìn ìbàdí ló ń di nǹkan mú jù.

Tí níkà bá ní àwọ̀n nínú, iṣẹ́ pátá ni àwọ̀n náà ń ṣe. Ẹ má wọ pátá òwú sábẹ́ rẹ̀. Òkìríkà ní tirẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó jáde, àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé

Ẹ fi Vaseline tàbí òrí díẹ̀ pa ibi tí itan ti ń kan ara wọn. Ẹ má fi ohun olóòórùn tó ń mú aṣọ rọ̀ fọ níkà eré, nítorí ó máa ń bo ojú aṣọ, kì í jẹ́ kí òógùn lọ bó ṣe yẹ. Níkà tuntun, ẹ kọ́kọ́ fi sá kìlómítà méjì ní àdúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sá Marathon Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, kó má wọ níkà tuntun lọ sí eré kìlómítà 42. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Bí ẹ bá dé, ẹ bọ́ níkà tútù lójú ẹsẹ̀. Ibi tó ti bó, omi lásán àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́. Ẹ má da spirit sí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ẹ sinmi títí yóò fi san. Tó bá ń yún, tí etí rẹ̀ ń ràn bí òrùka, ó lè jẹ́ làpálàpá, tó fẹ́ràn ibi tútù. Ẹ má ra ìpara olóríṣiríṣi tí wọ́n ń pò pọ̀, nítorí òmíràn lè jẹ́ kó ràn sí i. Ẹ lọ bá apòògùn tó kọ́ṣẹ́. Tó bá ń ṣọyún, tàbí ibà dé, ilé ìwòsàn ni.

Mo padà sójú ọ̀nà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, pẹ̀lú òkìríkà níkà kan tí kò wọ́n. Itan mi kò kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Mi ò sì pariwo ní ilé ìwẹ̀ mọ́.

Tí ẹ bá mọ ẹni tó ti jáwọ́ nínú eré sísá nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó lè máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi lásán. A ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.