Ọ̀tún ta ni, òsì ta ni? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa fọ́tò X-ray

Bí wọ́n bá fún yín ní fọ́tò X-ray àyà ìyá yín tàbí ti ọmọ yín lọ́sibítù, tẹ́ ẹ gbé e sókè wò, ẹ má yára sọ pé, "Apá òsì ni àìsàn yìí wà." Ohun tẹ́ ẹ rí lápá òsì yín nínú fọ́tò yẹn, apá ọ̀tún aláìsàn ló wà.

Ìdí ni pé àwọn dókítà máa ń wo fọ́tò náà bíi pé aláìsàn dúró níwájú wọn, tó kọjú sí wọn. Tí ẹ bá kojú sí ẹnìkan, ọwọ́ òsì yín ni ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ máa bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni CT scan rí: bí ìgbà téèyàn dúró níbi ẹsẹ̀ aláìsàn tó dùbúlẹ̀, tó ń wo ọ̀nà orí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà. R ni ọ̀tún, L ni òsì, ti aláìsàn sì ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó. Lẹ́tà yìí ṣe pàtàkì, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé apá ọ̀tún ni ọkàn wọn wà láti inú oyún wá.

Ẹ tún lè rí àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú èsì tí wọ́n kọ. Anterior ni iwájú, posterior ni ẹ̀yìn. Superior ni òkè, inferior ni ìsàlẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ dáa tàbí pé kò dáa. Medial ni ohun tó sún mọ́ àárín ara, lateral ni èyí tó wà lọ́nà ẹ̀gbẹ́. Ní ti apá àti ẹsẹ̀, proximal ni ibi tó sún mọ́ ara, distal ni ibi tó jìnnà sí i. Tí wọ́n bá kọ "distal radius", egungun tó wà lẹ́bàá ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń sọ. Ibẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹ́ tí àgbàlagbà bá ṣubú, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀.

AP tàbí PA ńkọ́? Ọ̀nà tí ìtànṣán gbà wọ ara ni. PA gba ẹ̀yìn wọlé, AP gba iwájú. Tí wọ́n bá ya fọ́tò AP fún bàbá yín lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn rẹ̀ lè dà bíi pé ó tóbi ju bó ṣe wà lọ. Ẹ má jáyà, ẹ bi dókítà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni iṣẹ́ abẹ. Tí wọ́n bá ṣi ọ̀tún mú fún òsì, ibi tó dáa ni wọ́n máa gé. Ìdí nìyí tí ìwé àyẹ̀wò tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2008 fi ní kí wọ́n béèrè orúkọ aláìsàn, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe àti ojú ibi tí wọ́n máa ti ṣe é, kí wọ́n tó fún un lábẹ́rẹ́ oorun, kí wọ́n sì wò ó bóyá wọ́n ti sàmì sí ojú ibẹ̀.

Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe ipa tiyín:
• Ẹ fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó ń dunni kí wọ́n tó ya fọ́tò. Ọmọdé lè má tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.
• Ẹ yẹ orúkọ, déètì àti lẹ́tà R tàbí L wò.
• Tí iṣẹ́ abẹ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ní kí dókítà sàmì sí ibẹ̀ níṣojú yín.

Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.