Èèrà tó ń ṣírò ọ̀nà ilé

Ilẹ̀ iyọ̀ kan wà ní Tùnísíà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sígi, kò sókè. Ibẹ̀ ni èèrà tí wọ́n ń pè ní Cataglyphis fortis ń gbé. Á jáde nílé, á máa rìn kọ́lọkọ̀lọ káàkiri títí á fi rí òkú kòkòrò kan. Tó bá ti gbé e, kì í tọ ipasẹ̀ ara rẹ̀ padà mọ́. Ilé ló ń kọjú sí tààrà.

Ìṣirò tó ń mú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama làágùn lèyí. Ẹ jẹ́ ká ní èèrà rin mítà 40 sí ìlà oòrùn, ó wá fi dígírì 60 yà sí apá àríwá, ó tún rin mítà 30. Mítà 70 ló rìn, àmọ́ ilé kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìrìn kejì la máa tú sí méjì. Kọ́sáìnì 60 jẹ́ ìdajì, nítorí náà mítà 15 nínú 30 yẹn bọ́ sí ìlà oòrùn. Sáìnì 60 ní kí bíi mítà 26 bọ́ sí àríwá. Ìlà oòrùn wá di 55, àríwá 26. Ẹ fi 55 sọ 55 di púpọ̀, ẹ ṣe 26 náà bẹ́ẹ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀: 3,701. Nọ́ńbà tí a lè fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kó tó iye yẹn kò pé 61: iye mítà tó wà láàárín èèrà àti ilé nìyẹn. Tánjẹ́ǹtì ló máa sọ apá ibi tí èèrà wà sí ilé: bíi dígírì 25 láti ìlà oòrùn sí àríwá. Kí èèrà kẹ̀yìn síbẹ̀ ló kù.

Èèrà ò kúkú ní kálékúlétọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tò lójú ọ̀run, lọ́nà tí ojú tiwa ò lè rí, ló fi ń mọ ibi tó kọjú sí. Báwo ló ṣe ń mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó? Lọ́dún 2006, Matthias Wittlinger, Rüdiger Wehner àti Harald Wolf gbé ìdáhùn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n jẹ́ kí àwọn èèrà rin mítà 10 dé ìdí oúnjẹ, wọ́n wá fi irun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe àgéré sí àwọn kan lẹ́sẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn kúrú (àánú ìwọ̀nyí ṣe mí). Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, àwọn alágèéré rìn kọjá ilé, ó di bíi mítà 15 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnu ihò. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú dúró sí nǹkan bíi mítà 6. Iye ìṣísẹ̀ ni wọ́n ń kà. Gígùn ẹsẹ̀ ló yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n tún jáde láti ilé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tuntun náà, àtàwọn alágèéré àtàwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú ló ṣírò ọ̀nà ilé gbà.