Ajílẹ̀ Ìjọba: Àwọn Wo Gan-an Ló Ń Gbà Á?

Láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í san lára owó ajílẹ̀, kí ó má baà wọ́n jù fún àgbẹ̀. Ìjọba á ra ọjà náà, á gbé pípín rẹ̀ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe, ọkọ̀ á gbéra, ó di àwátì. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Akínwùmí Adéṣínà di mínísítà fún ètò ọ̀gbìn lọ́dún 2011, òun fúnra rẹ̀ ló là á mọ́lẹ̀ pé nínú 100 àgbẹ̀, 11 péré ni ajílẹ̀ náà ń dé ọwọ́ wọn. Àwọn 89 yòókù, orí rédíò ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ.

Ètò tí mínísítà náà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2012 mú ọgbọ́n dání. Wọ́n kọ orúkọ àgbẹ̀ àti nọ́mbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Bí àkókò bá tó, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, àgbẹ̀ á mú un lọ bá ọlọ́jà ajílẹ̀, á san ìdajì owó àpò 2, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ á sì jọ san ìdajì tó kù. Agbaṣẹ́ṣe kúrò láàárín. Èyí kò ṣeé fojú kékeré wò.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò yí padà. Iye àgbẹ̀ ni ìjọba ń kéde. Inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ wọn wà. Ará abúlé kò rí ìwé tí yóò nàka sí, kí ó ní, "Lágbájá tí ẹ kọ yìí, a kò mọ̀ ọ́n níbí, tọ̀hún yìí, ó ti kú láti ọdún mẹ́ta." Àìsí ìwé yìí kò gbe àwọn ọlọ́jà pàápàá. Lẹ́yìn ọdún 2014, ọ̀pọ̀ wọn ló ń lé ìjọba kiri nítorí owó ọjà tí wọ́n ní àwọn ti pín, ìjọba sì ní òun fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni. Ká ní orúkọ wà lára ògiri ni, àwọn ará abúlé ni ìbá jẹ́rìí.

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ ló ṣílẹ̀kùn. Lọ́dún 1996, ìwé ìròyìn Washington Post pe iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ibẹ̀ lẹ́jọ́ lórí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó sì jàre. Nígbà tó di ọdún 2001, ẹgbẹ́ Environmental Working Group kó orúkọ àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ oko, àti iye tí oníkálukú gbà, sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni aráàlú ti rí i pé oko ńláńlá ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù.

Àwọn kan á ní àṣírí ẹni ni owó ẹni. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé dà nù: lọ́dún 2010, àwọn àgbẹ̀ Jámánì gbé e dé ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n sì jàre. Lọ́dún 2013, wọ́n tún òfin náà ṣe: ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ju 1,250 yúrò lọ, wọ́n bo orúkọ rẹ̀, wọ́n kéde ti àwọn tó kù. Ní Nàìjíríà ńkọ́, ta ni yóò gbé àpò ajílẹ̀ méjì wọ abúlé tí aládùúgbò kò ní í rí i?

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni òfin ti fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Olùbéèrè kò ní láti sọ ìdí, ọjọ́ 7 sì ni wọ́n fún ìjọba láti fèsì. Òfin náà dáàbò bo àṣírí ẹni, àmọ́ ó ní kí wọ́n tú u síta bí àǹfààní gbogbo ìlú bá wúwo jù. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi ọdún gbọọrọ jiyàn pé ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó kan gbogbo ìpínlẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ mọ àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ajílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ lè kọ lẹ́tà sí ìpínlẹ̀ rẹ̀ báyìí.