Ìdí tí kátúùnù òkè òkun fi gba ojú tẹlifíṣàn lọ́wọ́ tiwa

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024 ni kátúùnù Iwájú jáde lórí Disney+. Èkó ni ìtàn rẹ̀ dá lé, Tọlá àti Kọ́lé làwọn ọmọ inú rẹ̀, Olúfikáyọ̀ Adéọlá ló sì darí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Disney+ ò sí ní Nàìjíríà. Ó di oṣù Kẹrin kó tó dé Disney Channel lórí DStv. Ọmọ Ìwó tó jẹ́ pé èríà orí òrùlé ni wọ́n fi ń wo tẹlifíṣàn nílé wọn, Iwájú ò kàn án. Tom and Jerry, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1940, ni tirẹ̀.

Àwọn àgbà a máa ní ọmọ ìsinsìnyí ló fẹ́ràn nǹkan òyìnbó jù. Èmi ò gbà. Owó ni. Nínú kátúùnù, àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kátúùnù oníṣẹ́jú 11 a máa jẹ 15,840. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ń lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣì ku 7,920. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ti rí owó tó ná sórí àwòrán wọ̀nyẹn gbà nílé kó tó tà á fún wa, iyekíye tá a bá san, èrè ni fún un. Bí òkìrìkà ṣe ń lé télọ̀ kúrò lọ́jà nìyẹn. Iwájú gan-an, Montreal àti London ni iléeṣẹ́ Cinesite ti ṣe àwòrán rẹ̀.

Osamu Tezuka, ayàwòrán ará Japan, dá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ owó yìí. Nígbà tí kátúùnù rẹ̀, Astro Boy, bẹ̀rẹ̀ lórí Fuji TV lọ́jọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1963, ó dín àwòrán kù: ẹnu á máa mì, ara á dúró gbagidi. Ó tà á ní owó pọ́ọ́kú. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti dé tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà.

Nílé níbí, Adamu Waziri ń ṣe kátúùnù Bino and Fino l'Ábújá, ìtàn tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń gbé lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá àgbà. YouTube lọ̀pọ̀ ti ń wò ó, àmọ́ ta ni yóò máa ra dátà lójoojúmọ́?

Ọ̀nà kan wà tí kò ná owó tó bẹ́ẹ̀: fífi ohùn Yorùbá sí kátúùnù tó ti wà nílẹ̀ ò gba àwòrán tuntun kankan. Òṣèré mélòó kan, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, àti yàrá tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ò ní lè wọ̀ ló gbà. Yunifásítì Bowen wà n'Ìwó níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí ò ju agbára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ.