Ọ̀kadà, dáńfó àti ìṣirò: òótọ́ àbí irọ́?

"Kọ̀ǹpútà ló bí ìṣirò tó ń ṣàlàyé èrò." Irọ́. Rudolf Wille, onímọ̀ ìṣirò ní Darmstadt ní Jámánì, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1982, kí ẹ̀ka ìṣirò tí wọ́n ń pè ní lattice theory lè tún wúlò fún ẹni tí kì í ṣe oníṣirò. Lọ́dún 1984 ni Bernhard Ganter ṣe ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń to gbogbo èrò inú tábìlì kan láìfo ọ̀kan. (Èrò inú ọkọ̀ kọ́ là ń wí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ni a ó fi ṣàpẹẹrẹ.)

"Ó ti le ju ohun tó lè yé wa lọ." Irọ́ gbáà! Ẹ dúró lábẹ́ bíríìjì Sàngó-Ọ̀tà, kí ẹ kọ mẹ́rin sílẹ̀: ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Máruwá, dáńfó, tírélà. Ẹ bi ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ó ń gbé èrò? Ṣé ó ní òrùlé? Ṣé ó ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́? Ẹ to ìdáhùn sínú tábìlì; "bẹ́ẹ̀ ni" kọ̀ọ̀kan jẹ́ àmì kan. Gbogbo ohun tó ní àwọn àmì kan, pẹ̀lú gbogbo àmì tí wọ́n jọ ní, ni èrò kan. Tábìlì yìí bí èrò mẹ́fà. Kẹ̀kẹ́ àti dáńfó bọ́ sí èrò kan náà; dérébà dáńfó lè bínú, ṣùgbọ́n a ò béèrè iye táyà.

"Kọ̀ǹpútà á mọ òtítọ́ fúnra rẹ̀." Irọ́ tó burú jù nìyí. Lójú tábìlì wa, ohun tó bá ń kó ẹrù ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní òrùlé, torí tírélà nìkan ló mọ̀. Ìlànà Ganter mìíràn kì í gbà bẹ́ẹ̀: á bi yín bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Ẹ̀yin á ní, "Ọmọlanke ńkọ́?" Ọmọlanke wọlé, òfin yẹn wó, èrò di méje.

"Kò kan ẹni tó ń kọ sọ́fíwia." Irọ́. Lọ́dún 1996, Gregor Snelting fi hàn bí a ṣe lè fi í tú ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí oríṣiríṣi ẹ̀dà rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra.

"A lè fi ọwọ́ ṣe gbogbo rẹ̀." Òótọ́, bí ìbéèrè bá jẹ́ mẹ́ta: èrò kò lè ju mẹ́jọ lọ. Bí ó bá di ogún, ó lè dé 1,048,576.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Covenant àti Bells, ẹ bá wa wá èrò kẹjọ náà. Ẹni tó bá ti rí ọ̀kadà tó gbé èrò pọ̀ mọ́ páálí núdù ti rí i.